Wọ́n fẹ́ fọn, agbára wọn ló kọ́kọ́ ń lọ: Ohun tó ń rẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáyẹ́ẹ̀tì l'Óṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n á ti lọ sóde àríyá ní Sátidé, wọ́n á ti jẹ ìrẹsì, wọ́n á ti jẹ àmàlà lé e, nígbà tó bá wá di àárọ̀ Sannde, síìpù aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ò ní í gòkè mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Láti ọ̀la lọ, kò sí ẹ̀bà, kò sí iyán, kò sí búrẹ́dì, kò sí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, omi gbígbóná tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí àti wọtamẹ́lọ̀n nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ara á ṣì le kokooko. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ kọjá níwájú wọn, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ o, mi ò sí ńbẹ̀ mọ́." Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani n'Ìsọlọ̀ máa ń ná, ẹni tó bá sì fẹ́ rí òkìrìkà tó dáa ṣà gbọ́dọ̀ tètè débẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń yíwọ́ fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ dáyẹ́ẹ̀tì lánàá. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa aṣọ, bó ṣe ní kóun nàró báyìí, òòyì á kọ́ ọ, ojú á ṣú, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Kó tó di ọ̀sán, orí ti ń fọ́ ọ, inú ti ń bí i sí gbogbo èèyàn, oníbàárà tó kàn ń ná ọjà jẹ́jẹ́, díẹ̀ ló kù kó bá a jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti máa ń dàrú ni orúkọ táwọn èèyàn ń fún un. L'Ékòó, kò sí nǹkan tó ń rẹ èèyàn tí wọn kì í pè ní ibà. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ibà ni. Tórí bá ń fọ́ ọ, ibà àti taifọ́ọ̀dù ni. Ẹni tí kò jẹun gidi láti ọjọ́ méjì á wọ ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì lọ ní Mafolúkù tàbí Ìlasàmàjà, wọ́n á po oògùn ibà fún un láìṣe àyẹ̀wò kankan, á gbé e mì sínú ikùn òfìfo, èébì á tún wá kún àárẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé òdìkejì ni tiwọn: bó bá ṣe ń rẹ̀ wọ́n tó ni inú wọn ń dùn tó, wọ́n ní ọ̀rá ló ń yọ́ yẹn. Àtẹni tó pè é ní ibà, àtẹni tó pè é ní ọ̀rá yíyọ́, àwọn méjèèjì ló ṣìnà. Àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ní ohun tó ń fà á, àwọn oníṣègùn mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá.

Ẹ má sì gbàgbé irú ìlú tọ́rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Ẹsiteeti Jakande n'Ìsọlọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, kò lè dúró kí oòrùn yọ kó tó kúrò nílé. Òṣòdì ti yàtọ̀ sí tàtijọ́ lóòótọ́. Ní January 2009 ni ìjọba Fáṣọlá lé àwọn tó ń tajà lójú títì ibẹ̀ kúrò, ní April 2019 ni Ààrẹ Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn afárá ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sísáré tẹ̀lé danfó ò tíì tán. Dáyẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó jókòó sínú ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣe láìsí wàhálà, tí obìnrin tó ń fi orí ru ẹrù láti Bọ̀ládé dé Òṣòdì Òkè bá dán an wò, ilẹ̀ ló máa bá ara ẹ̀.

Láyé ìgbà kan, tí wọ́n bá ní ẹnì kan ti sanra, oríire ni wọ́n ń kí i. Ọkùnrin tó bá gbẹ, ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n á máa wò lójú, bóyá kì í fún un lóúnjẹ. Àṣà yẹn ò tíì kú tán, torí ẹni tó bá fọn láàárín oṣù kan lónìí, àwọn ará àdúgbò á ṣì máa bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o? Ṣé ara le?" Ṣùgbọ́n ayé ti ń yí. Orobó àti lẹ́pa ti di orúkọ tí wọ́n fi ń pín àwọn obìnrin sí ọ̀nà méjì, àwọn òṣèré tíátà sì wà lára àwọn tí aráyé ń wò. Látìgbà fíìmù Jenifa tí Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe ní 2008 ni wọ́n ti mọ Eniọlá Badmus sí Gbogbo Bigz Girl, ara ńlá yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Nígbà tó fi máa di 2021, ó ti ń gbé fọ́tò ara ẹ̀ tuntun jáde, ó ti fọn, ariwo sì sọ káàkiri. Kò sí ibi tí wọn ò ti sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rí fọ́tò yẹn ló fẹ́ irú ẹ̀. Fọ́tò kì í sọ iye oṣù tí nǹkan gbà, ọ̀sẹ̀ méjì péré làwọn tiwọn sì ń fún ara wọn, torí aṣọ ẹbí ti wà lọ́wọ́ télọ̀.

Kì í ṣe pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ò dáa o. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ní 2022, nínú èèyàn 8 láyé yìí, ẹnì kan ti sanra kọjá ààlà débi tó ti di àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti orúnkún dídùn wà lára ohun tó máa ń bá a rìn. Ẹni tó bá fẹ́ dín ara kù, ọgbọ́n ló gbọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ló ń kó bá wọn.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ẹ̀bà, àmàlà, fùfú, ìrẹsì, búrẹ́dì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà tí wọ́n bá ti dà nínú ikùn. Ara á lo èyí tó bá fẹ́ lò, á wá tọ́jú díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú iṣan, bí ìgbà tí ìyá ọlọ́jà ń tọ́jú owó kékeré sábẹ́ ẹní nítorí ìnáwó òjijì. Ọ̀rá ni owó tó wà ní báńkì. Ṣúgà abẹ́ ẹní yìí kò pọ̀, nǹkan bíi 500 gíráàmù ni lára àgbàlagbà, omi ni ara sì fi ń gbé e pamọ́: gíráàmù kan ṣúgà, omi bíi gíráàmù mẹ́ta. Tí èèyàn bá já ẹ̀bà jù sílẹ̀ lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni ara ti máa ná èyí tó pọ̀ jù nínú ìpamọ́ yẹn, omi tó wà pẹ̀lú ẹ̀ á sì bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé fi máa ń gun òṣùwọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì, tá á rí i pé bíi kílò méjì ti lọ. Á pariwo, á pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí fóònù. Kò mọ̀ pé omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kílò kan ọ̀rá tòótọ́ tó nǹkan bíi kálórì 7,700, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ kò sì lè jó méjì irú ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin nítorí pé kò jẹ ẹ̀bà. Lọ́jọ́ tó bá pa dà sídìí ẹ̀bà, omi á pa dà, kílò á pa dà, ni wọ́n á bá ní aráyé ló ń ṣe àwọn.

Iyọ̀ náà ń bá omi yẹn lọ. Tí ṣúgà tó ń wọlé bá ti dín kù, ínsúlínì inú ara á wálẹ̀, kíndìnrín á wá máa da iyọ̀ nù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ara ká á dín díẹ̀, tẹ́ni náà bá sì dìde lójijì, kì í tètè dé orí. Òòyì ọjà Aswani nìyẹn. Orí fífọ́ náà nìyẹn, àti pajápajá tó ń mú ẹsẹ̀ lóru. Àwọn kan á wá máa mu omi bí ẹni ń bu omi sí àgbá, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní í fi iyọ̀ kan ẹnu torí ẹnì kan sọ fún wọn pé iyọ̀ ló ń mú ara wú. Wọ́n ń dá kún un ni. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó ní iyọ̀ níwọ̀nba á ṣe wọ́n lóore ju jọ́ọ̀gì omi mẹ́rin lọ. Àmọ́ o, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bi.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ omi àti iyọ̀, ọ̀rọ̀ epo ló kàn. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, àwọn onímọ́tò ti ń yí ẹ́ńjìnnì wọn pa dà sí gáàsì. Ẹni tó bá ti ṣe é mọ̀ pé èèyàn ò kàn lè da gáàsì sínú táǹkì epo kó sì máa lọ, mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ṣe é sí i lára. Bẹ́ẹ̀ lara èèyàn ṣe rí. Ara tó ti ń fi ẹ̀bà ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún lè fi ọ̀rá ṣiṣẹ́, Ọlọ́run dá a mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń gbà á lọ́jọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kó tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ọpọlọ nìkan ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń ná lójúmọ́, ṣúgà ló sì fẹ́ràn jù. Kí ẹ̀dọ̀ tó ráyè sọ ọ̀rá di ohun tí ọpọlọ lè jẹ, ọpọlọ á máa ráhùn. Òun ló ń mú kí akáǹtì ka owó lẹ́ẹ̀mẹta kó má bára mu, tí olùkọ́ á dé iwájú kíláàsì tá á gbàgbé ohun tó fẹ́ kọ́ wọn.

Oúnjẹ tí kò ní ẹ̀bà tí kò ní búrẹ́dì yìí náà kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1921, Dókítà Russell Wilder ti Mayo Clinic l'Amẹ́ríkà ló fún un lórúkọ tí wọ́n fi ń pè é, ketogenic, wárápá ló sì fẹ́ fi wò, kì í ṣe nítorí aṣọ ẹbí. Ọdún 1972 ni Dókítà Robert Atkins kọ ìwé tó sọ irú ẹ̀ di ti àwọn tó fẹ́ fọn. Àwọn aláìsàn wárápá yẹn, abẹ́ ojú dókítà ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ẹni tó rí i lórí fóònù lálẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀, ta ló ń ṣọ́ ọ?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bà tí wọn ò jẹ nìkan ló ń fa àárẹ̀. Oúnjẹ tí kò tó, ohun yòówù kó wà nínú ẹ̀, á rẹ èèyàn sílẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ní November 1944, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Ancel Keys kó ọkùnrin 36 jọ sí Yunifásítì Minnesota, l'Amẹ́ríkà. Ńṣe ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn ò gbà kí wọ́n lọ pààyàn lójú ogun ni wọ́n, ara gbogbo wọn ló sì le. Keys fẹ́ mọ ohun tí ebi ń ṣe sí èèyàn gan-an, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe máa bọ́ àwọn tí ogun ti febi pa. Fún oṣù mẹ́ta, wọ́n jẹun tó. Láti February 1945, ó wá dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bíi kálórì 1,570 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa rin máìlì 22 lọ́sẹ̀. Oúnjẹ náà ò ṣàìní ohun tó ń fúnni lágbára o, pòtétò, búrẹ́dì àti makaróní ló pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn géńdé yìí di ẹni tí àtẹ̀gùn ilé di òkè ńlá lójú wọn. Òtútù ń mú wọn nígbà ooru. Ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lù díẹ̀díẹ̀, torí ara ti rí i pé owó tó ń wọlé ti dín, ó ń dín ìnáwó kù. Ọ̀rọ̀ obìnrin ò wù wọ́n mọ́, ẹ̀rín ò wù wọ́n, oúnjẹ ni wọ́n ń rò tọ̀sán tòru, àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ọ̀yàn ní oúnjẹ sísè bí ẹni ń tọ́jú fọ́tò àfẹ́sọ́nà. Nígbà tí wọ́n fi parí, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn ti lọ.

Lóòótọ́, àwọn yẹn ò sanra tẹ́lẹ̀, ọkùnrin sì ni wọ́n, ohun tí kò tó wọn lè tó obìnrin kékeré kan. Ṣùgbọ́n kálórì 1,570 ni tiwọn. Omi ọsàn láàárọ̀, wọtamẹ́lọ̀n lọ́sàn-án, kùkúmbà lálẹ́, iye kálórì tó wà nínú ẹ̀ lè má tó ìdajì ìyẹn. Ní Britain, àwọn oníṣègùn NHS sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá fẹ́ máa jẹ ohun tí kò tó kálórì 800 lójúmọ́, abẹ́ àbójútó dókítà ni kó ti ṣe é. Ẹni tó ń dá a ṣe l'Óṣòdì, tó tún ń gbé àpò ìrẹsì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ohun tó ń dán wò kì í ṣe kékeré.

Ohun tó wà nínú oúnjẹ náà tún ṣe pàtàkì, kò sì yẹ kí ará Òṣòdì jẹ́ ẹni tó máa kẹ́yìn nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àdúgbò wọn níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FIIRO wà, ọdún 1956 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn ló ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n á ṣe máa fi ẹ̀rọ ṣe gàrí, àwọn náà ló po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì, tí wọ́n pè é ní soy-ogi. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ògì lásán, bó ṣe ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun tó, purotéènì inú ẹ̀ kò tó fún ọmọ tó ń dàgbà. Àgbàlagbà tó bá wá sọ ògì olómi àti èso di oúnjẹ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ nítorí pé ó fẹ́ fọn, inú kòtò kan náà ló ń wọ̀. Tí purotéènì kò bá tó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan ara ẹ̀. Iṣan yẹn sì lèèyàn fi ń ru ẹrù, òun náà ló ń bá èèyàn jó oúnjẹ. Ẹni tó bá fọn lọ́nà bẹ́ẹ̀, ọrùn á yọ síta, apá á rọ̀, ikùn tó fẹ́ lé lọ á ṣì jókòó síbẹ̀.

Kò sì dìgbà tí wọ́n bá ra oúnjẹ olówó ńlá láti ilé ìtajà àwọn olówó. Mọ́ínmọ́ín kan tó ní ẹyin tàbí ẹja nínú lè gbé èèyàn ró láti àárọ̀ di ọ̀sán, ife tíì kan àti ọsàn méjì ò lè ṣe é. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, wàrà sóyà, gbogbo wọn ló wà lọ́jà. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn máa ń pọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn lè ti kéré kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ dáyẹ́ẹ̀tì rárá, tí wọ́n bá tún wá yọ ẹran, ẹja àti ẹ̀wà kúrò, àárẹ̀ náà ò ní í lọ bọ̀rọ̀.

Kinní kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Ẹni tó ti ń mu tíì dúdú tàbí kọfí láràárọ̀, àti awakọ̀ tó ń jẹ obì kí oorun má baà gbé e, kaféènì ni wọ́n ń jẹ. Tí wọ́n bá pa á tì lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n pa ẹ̀bà tì, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn kí ọjọ́ náà tó yí po, ó sì máa ń le jù lọ́jọ́ kejì. Àwọn mùsùlùmí mọ èyí dáadáa nínú àwẹ̀ Ràmàdáánì, ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ lorí máa ń fọ́ àwọn ọ̀mu-tíì jù. Àmọ́ wọ́n ní sàárì, wọ́n ní ìṣínu. Ẹni tó ń ṣe dáyẹ́ẹ̀tì àdábọwọ́ ò ní méjèèjì.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ikùn. Ẹni tó bá ń wọ danfó n'Ìsọlọ̀ á ti gbọ́ ìpolówó ẹ̀ rí. Ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tó sì ń ṣe kò ju pé kó mú èèyàn lọ sí ṣáláńgá lọ. Kò sí ọ̀rá kankan tó ń bá ìgbẹ́ yẹn jáde. Omi ló ń jáde, àti potásíọ́ọ̀mù tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, tíyẹn bá sì dín kù jù, ara á rọ bí aṣọ tó rẹ sómi, ọkàn náà lè máa lù ségesège. Àwọn mìíràn tún ní nǹkan tí wọn ò kọ sára páálí. Ní 2010, wọ́n kó oògùn ìfọnra kan tó ń jẹ́ sibutramine kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti l'Amẹ́ríkà, torí àyẹ̀wò fi hàn pé àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lò ó. Láti ìgbà náà, lọ́pọ̀ ìgbà ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti bá a nínú tíì, kọfí àti kápúsù tí wọ́n ní ewé àti egbò lásán ni. Àjọ NAFDAC tó yẹ kó fọwọ́ sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà kò sì jìnnà, ọ́fíìsì wọn wà n'Ìsọlọ̀, ilé àyẹ̀wò wọn wà l'Óṣòdì, ojú títì Òṣòdì sí Àpápá ni méjèèjì wà. Páálí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC lára, kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣe?

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn kọjá àárẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide, oògùn yẹn ò mọ̀ pé olówó òun ti bẹ̀rẹ̀ dáyẹ́ẹ̀tì. Á máa fa ṣúgà wálẹ̀ bó ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ̀bà wà níbẹ̀. Tí ṣúgà bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkìkì, á máa sọ̀sọkúsọ, àwọn èrò inú ọkọ̀ lè rò pé ó mutí yó. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ṣúgà oníhóró mẹ́ta sí mẹ́rin tàbí ààbọ̀ ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kó sì jẹun gidi. Tí kò bá mọra mọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ọsibítù ni wọ́n máa gbé e lọ kíákíá. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, pàápàá èyí tó ń mú èèyàn tọ̀, torí bí omi àti ìwọ̀n ara ṣe ń lọ, oògùn tó ti bá a mu tẹ́lẹ̀ lè di àpọ̀jù. Aláboyún, ìyá ọmọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ SS, tí àìtó omi lára lè dá ìrora egungun sílẹ̀ fún, kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni dán irú ẹ̀ wò láìbi dókítà.

Báwo wá lèèyàn ṣe lè fọn láìṣubú lórí afárá Òṣòdì? Àwọn NHS kan náà sọ pé tí èèyàn bá dín bíi kálórì 600 kù lójúmọ́, ó tó, kó sì máa retí ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀. Nínú àwo oúnjẹ Yorùbá, ìṣirò náà ò le rárá. Gàrí gbígbẹ 100 gíráàmù ní nǹkan bíi kálórì 350. Ká ní ẹ̀bà tẹ́nì kan ń jẹ lálẹ́ gba gàrí 150 gíráàmù, tó bá dá a sí méjì tó jẹ ààbọ̀, bíi 260 ti lọ nìyẹn. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò ńlá kan lè ní ṣúgà bíi 50 gíráàmù, tó fi omi pààrọ̀ ẹ̀, 200 tún ti lọ. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tó 120. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 580. Ẹ̀bà ṣì wà nínú àwo, ọbẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ̀fọ́ àti ẹja ló kàn máa wá pọ̀ sí i láti dí àlàfo tí ààbọ̀ ẹ̀bà fi sílẹ̀. Ìṣúgà ara ò ní í já lulẹ̀ lójijì, omi ò ní í ya jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara á sì ráyè mọ̀ pé nǹkan ti ń yí. Lóòótọ́, òṣùwọ̀n ò ní í sọ kílò méjì lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tó bá sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló ṣe kókó.

Kí wọ́n má sì kó gbogbo iṣẹ́ lé ara lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dín oúnjẹ kù kò gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ eré sísá aago márùn-ún ìdájí lọ́jọ́ náà, ìrìn ẹsẹ̀ ìdajì wákàtí tó fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń tajà l'Aswani, ọjọ́rú ni kó bẹ̀rẹ̀, kó jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Oorun tún ń kọ́? Ẹni tó ń sun wákàtí mẹ́rin, ebi á máa pa á ju ẹni tó sun tó lọ, àárẹ̀ tó sì ń dá dáyẹ́ẹ̀tì lẹ́bi fún, gó-síló ló fà á.

Àárẹ̀ tó bá jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó ti máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí oúnjẹ bá tó. Tí kò bá lọ, tàbí tí ara bá ń gbóná, tí àyà bá ń dùn, tí èèyàn bá dákú lẹ́ẹ̀kan péré, kó má lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì mọ́. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ìsọlọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó tó, bóyá ibà wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n wo ṣúgà, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo kíndìnrín. Kó sì sọ fún dókítà pé òun ń ṣe dáyẹ́ẹ̀tì, kó mẹ́nu kan ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó mú páálí tíì tó ń mu dání.